Fìlà là ń dé, gèlè là ń wé: èsì fún Ìyá Ìbejì lórí Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ

Ìbéèrè

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. Manchester là ń gbé, ṣùgbọ́n a wà nílé fún ìsinmi báyìí, lọ́dọ̀ màmá mi ní Ṣómólú. Ìbejì ni mo bí, wọ́n ti pé ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ọwọ́ màmá mi níbí ni wọ́n dàgbà sí kí wọ́n tó wá bá wa ní ọdún méjì sẹ́yìn, nítorí náà Yorùbá wọn já gaara. Gẹ̀ẹ́sì wọn náà kò burú. Wọ́n mọ ọ̀rọ̀ púpọ̀, wọ́n sì mọ bí a ṣe ń kọ wọ́n sílẹ̀. Àmọ́ bí wọ́n bá ti to ọ̀rọ̀ pọ̀, tíṣà á ní "we don't say it like that". Wọ́n á kọ "I did a mistake", wọ́n á kọ "strong rain", wọ́n á ní "I am hearing the smell of the soup". Mo bi tíṣà pé kí ni òfin rẹ̀, kò rí òfin kankan sọ fún mi.

Èyí tó dùn mí jù ṣẹlẹ̀ kí a tó wá sílé. Kẹ́hìndé sọ ní kíláàsì pé "my mummy uses drugs every morning". Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi ló ń sọ. Wọ́n pè mí sí ilé ìwé, wọ́n pa ilẹ̀kùn dé, wọ́n ń da ìbéèrè bò mí. Mo ṣàlàyé, ọ̀rọ̀ náà sì tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni bàbá wọn ti ní kí a má sọ Yorùbá nínú ilé mọ́, pé Yorùbá ló ń da Gẹ̀ẹ́sì wọn rú. Èmi kò fẹ́ bẹ́ẹ̀ rárá. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì


Èsì

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọmọ títọ́, ẹ sì kú ìfaradà ọjọ́ tí wọ́n pè yín yẹn. Ẹ̀jìrẹ́ á gbó, wọn á tọ́. London lèmi ń gbé, ṣùgbọ́n ilé ìyá mi ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni mo wà bí mo ṣe ń kọ èyí, torí a wá ṣe ìgbéyàwó àbúrò mi. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú yàrá ìyá mi lọ́jọ́ Sátidé ni mo fẹ́ fi dá yín lóhùn.

À ń múra òde lọ́wọ́. Àṣàkẹ́ ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́wàá tí a bí sí London, mú gèlè dání, ó ní, "Grandma, ẹ bá mi wọ gèlè." Ìyá mi kò bá a wí. Wọ́n gba gèlè náà, wọ́n ní, "Ó yá, jókòó kí n wé e fún ẹ." Bí wọ́n ṣe ń wé e ni wọ́n ń sọ ọ́, ohùn wọn rọ̀ bí ẹni ń dá orin: "Gèlè là ń wé." Wọ́n nawọ́ sí ìró tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì: "Ìró là ń ró." Wọ́n fa bùbá rẹ̀ nà léjìká: "Bùbá là ń wọ̀." Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin sáré wọlé, fìlà lọ́wọ́. Ìyá mi gba fìlà náà, wọ́n gbé e lé e lórí, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí ọ̀tún díẹ̀: "Fìlà là ń dé."

Àṣàkẹ́ kọjú sí mi, ó ní, "Daddy, but it's all wear." Òótọ́ ló sọ. Ní Gẹ̀ẹ́sì, "wear" kan ṣoṣo gba aṣọ, gèlè, fìlà, bàtà, gíláàsì ojú, títí kan lọ́fínńdà. Ta ló wá ṣòfin fún wa pé fìlà ni à ń dé? Ẹ lè ní "dé" jọ dídé ìkòkò, ẹ kò sì purọ́. Ṣùgbọ́n gèlè náà ń bo orí, kí ló dé tí a kì í dé gèlè? Kò sẹ́ni tó lè sọ ìdí rẹ̀ dópin. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ló ń bá ara wọn rìn láti ayé àwọn baba wa, etí wa sì ti mọ̀ wọ́n pọ̀.

Ohun tó ń ṣe Àṣàkẹ́ ní Yorùbá náà ló ń ṣe Táíwò àti Kẹ́hìndé ní Gẹ̀ẹ́sì. Ìdí nìyẹn tí tíṣà kò fi rí òfin sọ fún yín. Àwa Yorùbá ní "ṣe": à ń ṣe àṣìṣe, à ń ṣe iṣẹ́, à ń ṣe ìlérí, à ń ṣe ìpinnu. Gẹ̀ẹ́sì pín in fún "make" àti "do". Ó ní "make a mistake", "make a promise", "make a decision", ó sì ní "do homework", "do the dishes", "do someone a favour". Àwọn tíṣà mìíràn máa ń sọ pé ohun tí a dá sílẹ̀ ni "make", iṣẹ́ ni "do". Ó ń ranni lọ́wọ́ díẹ̀, kò jìnnà. "Make the bed" ni wọ́n ń pe títẹ́ bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí káfíńtà níbẹ̀. Wọ́n á tún ní "pay attention", bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò sanwó.

Ẹ wo ti òjò tí àwọn ọmọ kọ. Òjò tó lágbára ló wà lọ́kàn wọn, wọ́n sì wá ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí agbára, wọ́n rí "strong". Ọgbọ́n ni wọ́n lò. Àmọ́ "heavy rain" ni Gẹ̀ẹ́sì ń wí, atẹ́gùn ló gba "strong wind". "Heavy" yìí kan náà ni wọ́n fi ń sọ ti sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ orí Third Mainland Bridge, "heavy traffic", kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni gbé e lé òṣùwọ̀n. Tíì tó pọ́n dáadáa ni "strong tea", kì í ṣe "powerful tea", ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ló ń jẹ́ "powerful". Àwa náà kò ṣe kéré. Tiwa, òjò ń rọ̀, atẹ́gùn ń fẹ́, oòrùn ń ràn, àrá ń sán, mànàmáná ń kọ. Bí ẹnì kan bá ní àrá rọ̀, a ó mọ ohun tó ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n a ó mọ̀ pé àlejò ni.

Ibi tó wù mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ti ara ẹni. Ní Yorùbá ebi ń pa wá, òùngbẹ ń gbẹ wá, oorun ń kùn wá, orí ń fọ́ wa, inú ń run wá. Òtútù ló ń mú ènìyàn. Ẹ dé ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ènìyàn ló wá ń mú òtútù: "I caught a cold". Ta ló mú ta? Ọmọ tó bá gbọ́ èdè méjèèjì ní láti mọ̀ pé òdìkejì ara wọn ni wọ́n níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni òórùn. À ń gbọ́ òórùn ọbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì kò sì jẹ́ kí imú gbọ́ nǹkan kan. "I can smell the soup" ló ń wí. Gbólóhùn àwọn ìbejì yín, Yorùbá tó jinlẹ̀ ni, aṣọ Gẹ̀ẹ́sì ló wọ̀.

Ó kan ti oògùn wàyí. A ń lo oògùn. "Lo" náà ló wà nínú lílo ṣíbí àti lílo ọkọ̀, nítorí náà "use" ni ọmọ máa mú. Ní Èkó níbí, bẹ̀rẹ̀ láti ilé oògùn àdúgbò yín ní Ṣómólú títí dé Ìdúmọ̀tà tí wọ́n ti ń ta oògùn ní páálí páálí, "Have you used your drugs?" kò dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Nọ́ọ̀sì ń sọ ọ́, ìyá àgbà ń sọ ọ́. Ní ìlú òyìnbó, "take" ló ń bá "medicine" rìn, tàbí "tablets". Bí "drugs" bá ti lè bá "use" jókòó, igbó àti kokéènì ló kù tí wọ́n ń rò. Kì í sì í ṣe pé "drug" burú fúnra rẹ̀. Dókítà lè ní "I'll put you on a new drug for your blood pressure", kò sí ẹni tí yóò ṣíjú wò ó. Àgùntàn tó bá ajá rìn ni í jẹ ìgbẹ́. Ẹgbẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà kó ló kó bá Kẹ́hìndé.

Àwọn onímọ̀ èdè ti rí èyí tipẹ́. J. R. Firth, ará Bìrìtéènì, kọ ọ́ ní 1957 pé ẹgbẹ́ tí ọ̀rọ̀ bá ń kó la ó fi mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn rẹ̀ ni John Sinclair àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Yunifásítì Birmingham kó àìmọye ìwé àti ọ̀rọ̀ ẹnu sínú kọ̀ǹpútà, kí wọ́n lè rí ọ̀rọ̀ tó ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ lóòótọ́, wọ́n sì tẹ ìwé atúmọ̀ èdè jáde láti inú rẹ̀ ní 1987. Ohun tí ìyá mi ń ṣe pẹ̀lú gèlè náà ni, kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ṣe tiwọn.

Ẹ bá mi sọ fún bàbá wọn, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, pé bí ẹ bá gba Yorùbá lẹ́nu àwọn ọmọ, "make" àti "do" á ṣì máa dúró dè wọ́n níbẹ̀. Ọmọ tí kò gbọ́ èdè kankan yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì náà ní láti gbọ́ "make a mistake" kó tó mọ̀ ọ́n. Tiyín ní àǹfààní tí àwọn yẹn kò ní, torí wọ́n ti mọ èdè kan tó ń ṣe báyìí ṣe. Ẹ jẹ́ kí bàbá wọn wà níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kí ẹ ní kí màmá bi àwọn ọmọ pé kí là ń fọ̀, kí là ń ṣàn, kí là ń bọ́, kí là ń wẹ̀. Wọ́n á dáhùn láìrò ó: aṣọ là ń fọ̀, ọwọ́ là ń ṣàn, ojú là ń bọ́, ara là ń wẹ̀. Kí ẹ wá sọ fún wọn pé "wash" ni gbogbo rẹ̀ lẹ́nu òyìnbó. Kí ẹ yí i padà, kí ẹ ní "ṣe" wa ni òyìnbó gé sí wẹ́wẹ́. Mo ti dán an wò pẹ̀lú Àṣàkẹ́ láti òdìkejì. Ojú rẹ̀ là lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kò rò mọ́ pé Yorùbá ń yọ òun lẹ́nu lásán.

Ohun kan tún wà tí n kò fẹ́ kí àwọn ọmọ yín gbé padà lọ sí Manchester, ìyẹn ni kí wọ́n máa rò pé Gẹ̀ẹ́sì àwọn ará ilé wọn ní Ṣómólú bàjẹ́. Kọ̀ńdọ́ ní Ojúẹlẹ́gbà á kígbe pé "Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!", ìbátan wọn á sì ní "let's enter bus", torí à ń wọ ọkọ̀. Níbí, ó tọ̀nà, gbogbo ènìyàn ló gbọ́ ọ. Ní oṣù kìíní ọdún 2020, wọ́n kó ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà 29 sínú Oxford English Dictionary. "Danfo" àti "okada" wà níbẹ̀, "next tomorrow" tí í ṣe ọ̀túnla wa wà níbẹ̀, "eat money" tí í ṣe jíjẹ owó náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú "put to bed" tí a fi ń sọ pé obìnrin bímọ. Aṣọ ilé wà, aṣọ òde wà. Ohun tí à ń kọ́ ọmọ ni kó mọ èyí tó yẹ níbi tó wà.

Ní ti iṣẹ́ ojoojúmọ́, ẹ má ṣe kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún wọn mọ́. A lẹ ìwé kan mọ́ ara fíríìjì nílé wa. Tẹ́lẹ̀, "decision, ìpinnu" ni mo máa ń kọ síbẹ̀. Nígbà tó yá ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ "make a decision, ṣe ìpinnu", kí ọ̀rọ̀ náà dé pẹ̀lú ẹni tó ń bá a rìn. Ẹ sì máa ṣe bí ìyá mi. Bí Táíwò bá ní "I did a mistake", ẹ má dá a dúró, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ ní "Oh, you made a mistake? Show me." Ó ti gbọ́ ọ nìyẹn, ìtìjú kò sì wọ̀ ọ́. Yóò tún un sọ bẹ́ẹ̀ lọ́la, ẹ tún ṣe é fún un. Ẹ máa kàwé sókè fún wọn ní alẹ́, ó ṣe pàtàkì ju gírámà lọ. Bí ọ̀rọ̀ bá rú ẹ̀yin fúnra yín lójú, ìkànnì kan tó ń jẹ́ SkELL wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ tẹ "rain" sí i, yóò to àwọn tó ń bá a rìn síwájú yín.

Ó ku Kẹ́hìndé. Kí ilé ìwé tó wọlé, ẹ kọ lẹ́tà kékeré sí tíṣà pé ní ìlú tí ọmọ náà ti wá, "take medicine" ni wọ́n ń pè ní "use drugs", kí ọ̀rọ̀ náà wà lákọsílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ pe ọmọ náà jókòó. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tó rí i tí wọ́n ránṣẹ́ pe ìyá rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu òun lè máa gbé e sínú láìsọ, ó sì lè máa pa ẹnu mọ́ ní kíláàsì láti ọjọ́ náà. Ẹ sọ fún un pé kò purọ́ mọ́ yín, pé òótọ́ ni mọ́mì ń lo oògùn láàárọ̀. Kí ẹ gbé oògùn náà sọ́wọ́ rẹ̀, kí ó bu omi fún yín, kí ẹ jọ sọ ọ́: "Mummy takes her tablets."

Bàbá Àṣàkẹ́