Kí Ló Ń Mú Kí Búráúsà Máa Gan Lórí Láptọ́ọ̀pù Wa?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kan ni mo rà fún àwọn ọmọ mi nílé. Windows 10 ló wà lórí rẹ̀, RAM rẹ̀ sì jẹ́ 4GB. Bí wọ́n bá ti lo Chrome fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, yóò gan: ọfà máùsì ṣì ń rìn, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí a tẹ̀ tó ń dáhùn. Mo ti ra dátà kún dátà, kò yí padà. Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò wa ní àfi kí òun pa gbogbo ohun inú rẹ̀ rẹ́, kí òun sì fi Windows 11 sí i. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí? Ìyá kan, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Ẹ kú àmójútó àwọn ọmọ, mà. Ẹ má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa ohunkóhun rẹ́ níbẹ̀. Búráúsà tó ń falẹ̀ nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yàtọ̀ sí èyí tó gan. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá burú, ojú-ìwé ni kì í tètè wọlé, ṣùgbọ́n ẹ ṣì lè ṣí táàbù mìíràn, ẹ sì lè fa èyí tó wà níwájú yín sókè-sódò. Bí ẹ bá wá ń tẹ bọ́tìnnì tí gbogbo rẹ̀ dúró gbagidi, inú kọ̀ǹpútà ni wàhálà wà. Àwọn tó ń ta dátà kò mọwọ́ kò mẹsẹ̀ nínú rẹ̀.

Nígbà tó bá tún gan, ẹ má ṣe tètè tẹ bọ́tìnnì ìtanná mọ́lẹ̀ títí yóò fi kú, nítorí àsìkò yẹn gan-an ni ẹ̀rí wà lójú. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀ kí Task Manager, fèrèsé tó ń fi ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà hàn, lè jáde. Bó bá jáde ní kékeré, ẹ tẹ “More details” nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ wo òpó mẹ́ta tí a kọ CPU, Memory àti Disk sí lókè. Lórí kọ̀ǹpútà oní-4GB, ohun tí mo sábà máa ń bá níbẹ̀ ni pé Memory ti lé ní ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún, tí Disk náà sì dúró sórí 100 láìsọ̀kalẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé RAM (òun ni Memory yẹn, ààyè tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) ti kún, Windows wá ń kó díẹ̀ nínú ohun tó wà níbẹ̀ lọ sórí hard disk, ó sì ń padà lọ kó o wá nígbàkígbà tí Chrome bá nílò rẹ̀. Ìyá ọlọ́jà tí àtẹ rẹ̀ kún, tó jẹ́ pé ìsọ̀ ẹ̀yìn ló ń sáré lọ fún gbogbo ohun tí oníbàárà bá béèrè, kò lè yá lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni kọ̀ǹpútà ṣe máa ń rí, pàápàá bí ó bá jẹ́ hard disk àtijọ́ tó ní àwo tó ń yí nínú.

Chrome fúnra rẹ̀ ń jẹ RAM gan-an. Láti ọdún 2008 tí Google ti gbé e jáde ni wọ́n ti ṣètò rẹ̀ pé kí àwọn táàbù máa ṣiṣẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí èyí tó bá dàrú má baà kó bá àwọn yòókù. Ètò tó dára ni, ṣùgbọ́n táàbù kọ̀ọ̀kan àti extension kọ̀ọ̀kan (ètò kékeré tí a fi kún Chrome) ló ń gba ààyè tirẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tó ń jẹ jù, ẹ tẹ Shift àti Esc pọ̀ nígbà tí ẹ bá wà nínú Chrome, kí ẹ sì tẹ àkọlé “Memory footprint” títí èyí tó pọ̀ jù yóò fi bọ́ sókè. Ẹ lè mú un, kí ẹ tẹ “End process”, láìsí pé ẹ ti gbogbo búráúsà pa.

Àwọn extension ni mo máa ń fura sí jù nínú láptọ́ọ̀pù tí àwọn ọmọdé ń lò, nítorí pé àwọn kan máa ń bá ètò ọ̀fẹ́ wọlé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lo Incognito, ìyẹn fèrèsé ìkọ̀kọ̀ Chrome, fún wákàtí kan, nítorí pé extension kì í ṣiṣẹ́ níbẹ̀ àyàfi bí a bá gbà á láàyè. Bí kò bá gan níbẹ̀, ẹ lọ sí “Manage Extensions”, kí ẹ yọ gbogbo èyí tí ẹ kò mọ̀ dànù.

Lẹ́yìn èyí, ẹ tan “Memory Saver” nínú “Performance” ní Settings Chrome. Bó bá jẹ́ pé orí fídíò nìkan ló ti ń gan, ẹ pa “Use graphics acceleration when available” tó wà lábẹ́ “System”, kí ẹ sì tún Chrome ṣí. Píparẹ́ cache (àwọn àwòrán àti ohun mìíràn tí Chrome ti tọ́jú láti ojú-ìwé tí a ti ṣí) tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sáré ṣe kì í sábà wo irú èyí sàn. Dátà yín ló máa jẹ, nítorí pé Chrome yóò tún gbogbo àwòrán náà wà jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ooru náà ò gbọdọ̀ fò wá lójú, nítorí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí ẹ mẹ́nu bà. Kọ̀ǹpútà tó bá gbóná jù máa ń dín ìyára ara rẹ̀ kù, bí wọ́n bá sì gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì tàbí tìmùtìmù, ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà yóò dí. Ẹ ní kí wọ́n máa lò ó lórí tábìlì, kí a sì ṣí i gbọn eruku inú fáànù rẹ̀ lẹ́yìn ọyẹ́.

Ní ti Windows 11, òótọ́ ni pé Microsoft ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025. Ṣùgbọ́n 4GB ni RAM tó kéré jù tí Windows 11 fúnra rẹ̀ ń béèrè, nítorí náà kò lè fúyẹ́ ju èyí tó wà níbẹ̀ lọ. Bí owó bá máa jáde lápò yín, RAM àti SSD (irú disk tí kò ní àwo tó ń yí nínú) ni kí ẹ fi rà. Nínú Task Manager, lábẹ́ “Performance”, ẹ tẹ Memory, kí ẹ wo “Slots used”: bí ó bá jẹ́ “1 of 2”, ààyè kan ṣófo tí a lè fi 4GB mìíràn sí. Bí Disk náà bá jẹ́ HDD, ìyẹn hard disk alawò tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ ní kí ẹni tó ń tún un ṣe da gbogbo ohun inú rẹ̀ kọ sórí SSD tuntun bó ṣe wà, kí àwọn fáìlì àwọn ọmọ má baà sọnù, kí ẹ sì gba HDD àtijọ́ náà padà lọ́wọ́ rẹ̀.