Àbẹ́là nìkan ò tó fún aṣọ òjò

Àbúrò mi tó béèrè bóyá àbẹ́là tí à ń rà lọ́jà tó láti fi pa jákẹ́ẹ̀tì kakí lára, kí òjò má baà máa nà ọ́ lórí ọ̀kadà: jọ̀ọ́, gbọ́ tèmi kí o tó dáná. Mo ti ṣe é, mo sì ti jìyà rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ àǹtí mi ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, níbí ní Òṣogbo, ni mo ti kọ́ àdìrẹ alábẹ́là. A máa ń yọ́ àbẹ́là, a ó fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún sórí aṣọ funfun. Tó bá gbẹ, a ó rún aṣọ náà lọ́wọ́ kí àbẹ́là lè sán, kí aró lè gba ojú ibi tó sán wọlé, kó ya tín-ín-rín tín-ín-rín bí iṣan ewé. Ìgbà tí ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí fi ọ̀kadà gbé ẹrù láti Ọjà Ọba lọ sí Òkè-Báálẹ̀, àbẹ́là yẹn náà ni mo yọ́ sórí àpò kánfáàsì rẹ̀. Ó dán, ó le, inú mi dùn. Òjò ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni omi wọnú àpò, ó sì ba ẹrù oníbàárà jẹ́. Gbogbo ibi tí àpò náà ti ń ká ni àbẹ́là ti sán. Ohun tí à ń fẹ́ lára àdìrẹ gan-an ló ń ba aṣọ òjò jẹ́.

Ìda oyin ló yọ mí. Ìda máa ń tẹ̀, kì í tètè sán, ó sì máa ń di òwú mú. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ìda nìkan, ọwọ́ á máa lẹ̀ mọ́ aṣọ, eruku á sì máa lẹ̀ ẹ́. Ìwọ̀n ìda méjì sí àbẹ́là kan ni mo wá ń lò báyìí. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta oyin ni mo ti ń rí ìda. Afárá tí wọ́n bá ti fún oyin rẹ̀ tán, mo máa ń sè é nínú omi, màá fi aṣọ sẹ́ ẹ, màá sì fi í sílẹ̀ di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ìda á léfòó, á dì bí àwo sórí omi, ìdọ̀tí á wà nísàlẹ̀. Má bu òróró sí i o. Mo dán òróró ẹ̀pà wò nítorí mo rò pé yóò jẹ́ kó rọ̀. Jákẹ́ẹ̀tì yẹn ò gbẹ títí, ó fi òróró ba ṣẹ́ẹ̀tì jẹ́, nígbà tó yá ó bẹ̀rẹ̀ sí rùn.

Ọ̀rọ̀ iná ni mo fẹ́ kí o fetí sí jù. Mo gbé ìkòkò àbẹ́là ka orí sítóòfù ní tààrà, mo sì jáde lọ wo ọmọ tó ń ké. Kí n tó padà, iná ti gbá ẹnu ìkòkò. Aládùúgbò mi sáré bu omi lù ú, inú rere ló fi ṣe é, ṣùgbọ́n iná náà fò dé àjà. Àpá rẹ̀ ṣì wà ní apá òsì mi títí dòní. Omi wúwo ju ìda tó yọ́ lọ, ìsàlẹ̀ ló ń rì sí. Kíá ló máa hó, tí á sì ta ìda tó ń jó káàkiri. Nítorí náà, inú agolo ni kí o kó ìda sí, kí o sì gbé agolo náà sínú ìkòkò omi tó wà lórí iná. Omi tó ń hó kì í gbóná kọjá 100°C, ìda oyin sì ń yọ́ ní nǹkan bí 62 sí 64, kò lè gbóná débi tí yóò gbiná. Má kúrò níbẹ̀. Fi ọmọrí sí tòsí. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, dé e pa, kí o sì pa sítóòfù. Omi kọ́.

Aṣọ ńkọ́? Fa òwú kan yọ lára ìṣẹ́tí rẹ̀, kí o ṣáná sí i. Bí ó bá jó di eérú, tó ń rùn bí ìwé tó ń jó, òwú gidi ni. Bí ó bá yọ́, tó ká jọ di kókó líle, aṣọ oníke ni. Ìda ò ní wọnú rẹ̀, orí rẹ̀ ni yóò wà títí yóò fi ṣí. Fọ aṣọ náà kí sítáàṣì kúrò lára rẹ̀, kí o sì sá a kó gbẹ dáadáa.

Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kí o kùn ún. Tẹ́ ìwé sórí rẹ̀, kí o fi áyọ́ọ̀nù tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ̀ ọ́ títí ìda á fi wọnú òwú, tí funfun orí rẹ̀ á sì pòórá. Níbi tí kò bá sí iná, áyọ́ọ̀nù eléèédú ìyá mi ni mo ń lò, ṣùgbọ́n màá kọ́kọ́ gbọn eérú rẹ̀ dànù níta. Oòrùn ọ̀sán kàn ń mú ìda rọ̀ ni, kò tó láti yọ́ ọ wọlé. Tún un kùn lẹ́ẹ̀kejì, kí o sì fi ìda pa gbogbo ojú rírán, nítorí ihò abẹ́rẹ́ ni omi ń kọ́kọ́ gbà. Gbé e kọ́ fún ọjọ́ méjì.

Má fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ mọ́, má sì fi omi gbígbóná kàn án. Omi tútù àti àkísà ti tó. Má wọ̀ ọ́ sún mọ́ iná ìdáná, má sì jẹ́ kó kan sàlẹ́ǹsà ọ̀kadà. Ooru á mú ọ nínú rẹ̀, torí náà òjò nìkan ni kí o máa wọ̀ ọ́ fún. Bí òjò ńlá bá sì lù ọ́ fún wákàtí méjì, omi ṣì lè gba èjìká wọlé. Èyí tí mo pa fún ọkọ mi lọ́dún 2021 ló ṣì ń wọ̀. Èjìká àti ìgùnpá rẹ̀ nìkan ni mo ń tún pa ní oṣù kẹta, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.