Ọjọ́ mélòó ni ṣọ́ọ̀bù yìí ti dáyé?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin ń ṣègbéyàwó nínú oṣù Kejìlá. Mo wá rí ṣọ́ọ̀bù kan lórí Instagram tó ń ta léèsì, yáàdì márùn-ún ní 38,000 náírà, mo sì fẹ́ ra ogún ìdì fún ẹbí. Àwọn tó ń tẹ̀lé wọn lé ní 60,000. Wọ́n ní kí n san gbogbo owó náà sí àkáǹtì kan kí ilẹ̀ tó ṣú, pé ọjà ń tán lọ. Ọmọ mi ọkùnrin ní wọ́n ní ìkànnì tiwọn, pé àmì àgádágodo wà lórí rẹ̀, kò séwu. Ọkàn mi ò balẹ̀. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá olóòótọ́ ni wọ́n? Ìyá Ìyàwó, Òṣogbo.

Ìdáhùn: Ìyá Ìyàwó, ẹ kú ìmúra ìnáwó o. Ogún ìdì, 760,000 náírà nìyẹn, kì í ṣe owó tí èèyàn ń dijú fi ránṣẹ́. Ọdún 11 ni mo fi jókòó síbi tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹ̀sùn jìbìtì ní báńkì. Ohun tí mo sì máa ń kọ́kọ́ bi ẹni tó bá wá ni pé: nínú gbogbo ohun tó mú yín gbà wọ́n gbọ́, èwo ni owó ò lè rà?

Àwọn 60,000 yẹn, wọ́n ń tà wọ́n bí ẹni ń ta ẹ̀pà. Ọ̀rọ̀ ìyìn tó wà lábẹ́ àwòrán, bákan náà. Ní ti àgádágodo, ẹ bá mi sọ fún ọmọ yín pé ohun tó ń sọ kò ju pé ẹlòmíràn ò lè yọjú wo ohun tí ẹ ń tẹ̀ ránṣẹ́ lójú ọ̀nà. Kò sọ irú ẹni tó jókòó sí òpin ọ̀nà. Láti 2015 ni àjọ kan tó ń jẹ́ Let's Encrypt ti ń fún gbogbo ayé ní ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, olè náà sì wà lára gbogbo ayé.

Ohun tó ṣòro fún gbájúẹ̀ láti rà ni ọjọ́ orí. Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tí ẹ fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Mo tẹ àmì mẹ́ta tó tò tẹ̀léra lókè, mo lọ sí “About this account”, níbi tí Instagram ti ń sọ oṣù àti ọdún tí wọ́n ṣí àkáǹtì, àti iye ìgbà tó ti pààrọ̀ orúkọ. Láti 2019 ni tiwọn ti wà, ìyẹn dùn-ún gbọ́ létí. Àmọ́ ó ti yí orúkọ padà nígbà mẹ́rin. Mo wá fa àwọn àwòrán wọn títí dé ìsàlẹ̀. Bàtà awọ ọkùnrin ni mo bá níbẹ̀, lẹ́yìn náà kò sí nǹkan kan fún ọdún méjì, kí léèsì tó bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn. Ọwọ́ ẹlòmíràn ni àkáǹtì yẹn ti wá.

Ìkànnì wọn ńkọ́? Ẹ lọ sí lookup.icann.org, ẹ tẹ orúkọ ìkànnì tó bá parí sí .com síbẹ̀, kí ẹ wo ìlà tí wọ́n kọ “Created” sí, ìyẹn ọjọ́ tí wọ́n forúkọ ìkànnì náà sílẹ̀. Tiwọn ò tíì pé ogójì ọjọ́. Lórí ìkànnì yẹn kan náà, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé àwọn ti ń tajà láti 2012! Mo fi Google Lens wá àwòrán léèsì aláwọ̀ ewé yẹn, ó yọ ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta mìíràn, ọ̀kan nínú wọn nílùú òyìnbó. Orúkọ ẹni tó ya àwòrán, tó wà nígun ìsàlẹ̀, ni wọ́n gé dànù.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ̀rọ̀ àkáǹtì tí wọ́n ní kí ẹ sanwó sí. Tí ẹ bá ti tẹ nọ́ńbà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tán, báńkì á fi orúkọ ẹni tó ni ín hàn yín kí owó tó lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń sáré kọjá ibẹ̀. Ẹ dúró, ẹ kà á. Báńkì kì í ṣí àkáǹtì lórúkọ ilé iṣẹ́ láìrí ìwé CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀, CAC sì ní ojú ìwé tí ẹnikẹ́ni ti lè wá orúkọ lọ́fẹ̀ẹ́: BN ló máa ń ṣáájú nọ́ńbà orúkọ òwò, RC ló ń ṣáájú ti kọ́ńpìnnì. Àwọn oníjìbìtì a máa yá RC ilé iṣẹ́ gidi lò, torí náà orúkọ tó wà lọ́hùn-ún ni kí ẹ fi wé orúkọ àkáǹtì, kí ẹ má fi ti nọ́ńbà nìkan ṣe.

Àmọ́ kí n má pa irọ́ mọ́ ọlọ́jà kéékèèké. Ọ̀pọ̀ olóòótọ́ tó ń tajà láti yàrá wọn, àkáǹtì ara wọn ni wọ́n ń lò. Ọwọ́ irú wọn ni mo ti ra àdìrẹ Ìtòkú tó wà lọ́rùn mi lójú ọjọ́ ọ̀sẹ̀. Fídíò WhatsApp ni mo fi ń dán wọn wò. Mo máa ní kí wọ́n tú ìdì kan, kí wọ́n na téèpù sí i, kí wọ́n kọ orúkọ mi sí bébà, kí wọ́n gbé e lé aṣọ náà lójú mi. Ẹni tó ní ọjà nílẹ̀ á rẹ́rìn-ín, á sì ṣe é láàárín ìṣẹ́jú méjì. Ẹni tí kò ní i á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. Lẹ́yìn ìyẹn, ìdì kan ṣoṣo ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, kí ẹ sì sanwó nígbà tí ó bá dé ọwọ́ yín, tí wọ́n bá gbà.

Táràńsífáà ò dà bíi káàdì. Tí ẹ bá fi káàdì sanwó tí ọjà ò dé, báńkì yín lè bá yín jà á kí owó padà. Táràńsífáà, owó tí ẹ fà lé èèyàn lọ́wọ́ ni. Obìnrin kan wá bá mi ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú rìsíìtì aago mọ́kànlá òwúrọ̀; gbogbo àárín ìgbà yẹn, ó ń bá olè jiyàn lórí WhatsApp. Nígbà tí a fi máa dé ìdí àkáǹtì náà, 140 náírà ló kù níbẹ̀. Tó bá ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni, báńkì ni kó kọ́kọ́ pè, kó ka Session ID fún wọn, ìyẹn nọ́ńbà gígùn onídíjíìtì 30 tó wà lórí rìsíìtì, kí wọ́n bá a kàn sí báńkì kejì kí wọ́n di owó mú. Ọlọ́pàá tẹ̀lé e. FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, wúlò fún ẹjọ́ oníṣòwò tó ní àdírẹ́sì àmọ́ tó ń kọ̀ láti dá owó padà.

Ní tiyín, ẹ má san. Ẹ wọkọ̀ lọ sí Gbági n'Íbàdàn lọ́jọ́ kan, kí ẹ fọwọ́ pa léèsì wò. Tí wọ́n bá tún pè yín pé ọjà ń tán lọ, ẹ ní kí wọ́n máa tà á lọ.