Ẹ Mú Un Wọ Inú Ọkọ̀, Ẹ Má Fi Í Sẹ́yìn: Ìdáhùn fún Àwọn Ọlọ́kọ̀ Tí Kì í Díje

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Mo wà nínú ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ onígbòkun wa. Ìdajì àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni kì í díje. Tí ọjọ́ ìje bá pé, ẹ̀yìn fèrèsé ni wọ́n ń jókòó sí. A fẹ́ ṣètò ìgbádùn fún wọn. Èrò wa ni pé kí gbogbo ọkọ̀ jáde pọ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí wọ́n máa tẹ̀ lé ọkọ̀ alága, kí ẹ̀rù má bàa ba ẹni tí kò tíì mọ̀nà. Tó bá di alẹ́, a ó so gbogbo ọkọ̀ mọ́ra, a ó sùn. Kí la tún lè fi kún un kó lè dùn?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun tí ẹ rántí àwọn ará ẹ̀yìn fèrèsé. Lẹ́tà kẹrin irú èyí rèé láàárín oṣù méjì, "kí wọ́n máa tẹ̀ lé alága" sì wà nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ forí jì mí, ọ̀rọ̀ eré á dúró díẹ̀ ná, torí ètò tí ẹ pè ní ààbò yẹn gan-an ló máa ń ba fàájì jẹ́.

Kí n tún nǹkan kékeré kan ṣe kí n tó wọlé. Ẹ da ẹni tí kì í díje pọ̀ mọ́ ẹni tí kò mọ̀nà. Ní 1969, Bernard Moitessier, ọmọ Faransé, wà lára àwọn tó lè gba ìje Golden Globe, níbi tí èèyàn ti ń dá nìkan fi ọkọ̀ onígbòkun yí ayé po láìdúró. Ó ti la ibi tó le jù kọjá. Ló bá kọ ìwé pé òun ò ṣe mọ́, ó fi kànnàkànnà ta á sórí ọkọ̀ ńlá kan tó ń kọjá, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ títí ó fi dé Tahiti. Ta ló fẹ́ sọ fún un pé kò mọ ọkọ̀ wà?

Ó yá, títẹ̀lé alága. Èmi náà ti ṣe ọkọ̀ iwájú rí. Ọkọ̀ mi nígbà náà fúyẹ́, ìdí rẹ̀ kò wọ omi tó mítà kan. Mo gba ẹ̀yìn òkìtì iyanrìn kan kí n lè gé ọ̀nà kúrú, bí mo ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn mi wọ omi ju mítà kan ààbọ̀ lọ. Ohun tí mo gbọ́ dà bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ àga lórí sìmẹ́ǹtì. Mo bojú wẹ̀yìn, òpó ìgbòkun rẹ̀ ti dúró gbagidi, kò mì mọ́, omi sì ń fà lọ. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ náà fi fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, tí àwọn tó wà nínú rẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ tẹ ara ògiri rìn, tí ife ń yí kiri nínú yàrá. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ọkùnrin náà ń tẹnu mọ́ lórí rédíò: "Ṣebí ẹ̀yin ni mò ń tẹ̀ lé!" Òótọ́ ló sì sọ. Èmi ló ń tẹ̀ lé. Kò wo máàpù omi, kò wo ẹ̀rọ tó ń sọ bí omi ṣe jìn tó. Ó tó wákàtí mẹ́jọ kí omi tó kún padà gbé e.

Ọkọ̀ méjì ò wọ omi dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni wọn ò yára dọ́gba. Ọkọ̀ onígbòkun tó ń la omi já, yàtọ̀ sí èyí tó ń fò lórí rẹ̀, gígùn rẹ̀ níbi tó ti kan omi ló ń pààlà fún eré rẹ̀. Èyí tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 16 níbẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá nọ́ọ̀tì 5 lé díẹ̀; èyí tó gùn tó 36 lè sá tó 8. (Nọ́ọ̀tì kan ni máìlì òkun kan ní wákàtí kan, máìlì òkun sì jẹ́ mítà 1,852.) Tí àwọn méjèèjì bá fi gbogbo agbára wọn rìn fún wákàtí mẹ́rin, máìlì mẹ́wàá ni èyí kékeré fi gbẹ́yìn.

Ẹ wá ní kí wọ́n má ya ara wọn. Kí ni ẹni ẹ̀yìn máa ṣe? Á ta gbogbo ìgbòkun rẹ̀ nígbà tó yẹ kó ká a kù. Afẹ́fẹ́ á dé nọ́ọ̀tì 20, ọwọ́ àwọn tó wà nínú ọkọ̀ á máa gbọ̀n, ọkàn rẹ̀ ti ń sọ fún un pé kó yí padà, ṣùgbọ́n ojú ń tì í. Ká ní ó dá jáde ni, ì bá ti wà nílé látàárọ̀. Ìtìjú yìí ni mo ń bẹ̀rù ju ìjì lọ.

Òfin àgbáyé tí wọ́n ṣe ní 1972 kí ọkọ̀ má bàa máa kọ lu ara wọn lójú omi sọ ọ́ nínú òfin karùn-ún pé ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ máa fi ojú àti etí ṣọ́nà nígbà gbogbo. Mo ti kà á láìmọye ìgbà. Mi ò rí ibi tí wọ́n ti yọ ẹni tó ń tẹ̀ lé alága sílẹ̀.

Ẹni tí kò tíì mọ̀nà, ẹ mú un wọ inú ọkọ̀ alága, ẹ má fi í sẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá sì máa wa ọkọ̀ tirẹ̀, kó fi ọ̀nà tó fẹ́ gbà han ìgbìmọ̀ láàárọ̀, àti èbúté mìíràn tó lè yà sí bí ojú ọjọ́ bá yí. Kí ọkọ̀ tó lọ́ra kọ́kọ́ gbéra. Kálukú á dé nígbà tó bá dé, ẹ ó pàdé lórí ilẹ̀. Ẹni tó bá ní òun ò lọ mọ́, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ bi í pé kí ló dé.

Sísùn mọ́ra ńkọ́? Àwọn kan ń fi ohùn ránṣẹ́ káàkiri orí WhatsApp pé ọkọ̀ márùn-ún lórí ìdákọ̀ró kan dúró re ju ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ, "nítorí ìwúwo wọn". Ọ̀rọ̀ yìí bí mi nínú. Ìwúwo kì í di ọkọ̀ mú. Ìdákọ̀ró ló ń dì í mú, èyí tí wọ́n sì ṣe fún ọkọ̀ kan ni ẹ fẹ́ kó di márùn-ún mú yẹn. Mélòó ló tilẹ̀ ju ṣéènì tó so ìdákọ̀ró mọ́ ọkọ̀ tó pọ̀ tó? Tí omi bá jìn ní mítà 4, tí imú ọkọ̀ ga ju omi lọ ní mítà 1, tí omi ṣì máa fi mítà 2 kún lóru, 7 lẹ ó ṣírò, kì í ṣe 4. Bó bá jẹ́ ṣéènì nìkan, ẹ jù ú ní ìlọ́po márùn-ún, ìyẹn mítà 35; bí okùn bá pọ̀ níbẹ̀, ìlọ́po méje, mítà 49. Ọ̀pọ̀ ẹni tí mo ń bá pàdé á ju 15, wọ́n á lọ sùn. Kí afẹ́fẹ́ wá yí láago méjì òru: gbogbo yín á yí pọ̀ bí ilẹ̀kùn ńlá kan, àwọn òpó á máa gbá ara wọn lórí, ẹnì kan ò sì ní lè tú ara rẹ̀ kúrò láìjí gbogbo ẹgbẹ́.

Ẹ so mọ́ra lọ́sàn-án, nígbà tí omi bá tòrò. Ọkọ̀ tó wúwo jù ló máa wà láàárín, òun ló máa ju ìdákọ̀ró. Kí àwọn yòókù fi fẹ́ńdà, ìyẹn tìmùtìmù tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ ha ara wọn, sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí wọ́n so iwájú àti ẹ̀yìn, kí wọ́n sì ta okùn méjì dábùú kí ọkọ̀ má bàa máa lọ síwá sẹ́yìn. Kí àwọn òpó má ṣe wà lórí ìlà kan. Kí oòrùn tó wọ̀, kálukú á tú lọ ju ìdákọ̀ró tirẹ̀, á sì tan iná funfun tó ń tàn yíká.

Fàájì wá kù. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ìje tí kò sí eré sísá nínú rẹ̀. Ẹ fún wọn ní ọ̀nà tó gùn tó máìlì òkun 12. Kálukú á wo afẹ́fẹ́, á wo ìṣàn omi, á kọ iye àkókò tó rò pé òun máa lò, á fi lé akọ̀wé lọ́wọ́. Ẹni tó rò pé òun á máa rìn ní nọ́ọ̀tì 5 á kọ wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 24. Ẹni nọ́ọ̀tì 4 á kọ wákàtí 3. Lẹ́yìn náà, ẹ gba aago àti fóònù lọ́wọ́ wọn. Ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn tó bá wọn wọkọ̀ ni kó di aago àti GPS mú, fún ààbò. Ẹni tí àṣìṣe rẹ̀ kéré jù ló gba ife. Mo ti rí bàbá kan tó fi ọkọ̀ tó lọ́ra jù ní ẹgbẹ́ wọn gbà á. Èèpo igi ló ń jù sómi níbi imú ọkọ̀, tó ń fi ẹnu ka ìṣẹ́jú àáyá títí èèpo fi dé ẹ̀yìn ọkọ̀. Ọkọ̀ rẹ̀ gùn ní mítà 8. Tó bá ka 4, á mọ̀ pé mítà 2 lòun ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sún mọ́ nọ́ọ̀tì 4. Àwọn ọ̀dọ́ ń fi í rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ka èsì.

Ẹ tún lè ju fẹ́ńdà sómi bí ẹni pé èèyàn ló jábọ́. Ẹ so korobá kékeré mọ́ ọn kí afẹ́fẹ́ má bàa gbé e sá lọ. Ẹnì kan á máa na ìka sí i, kò gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ mìíràn. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá dúró jẹ́ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló jẹ, kì í ṣe ẹni tó yára dé. Ẹ má ju èèyàn gidi sómi, bó ti wù kó mọ lúwẹ̀ẹ́ tó. Bí ẹ bá ń fi rédíò ṣeré, ẹ kúrò lórí ìkànnì 16, tó jẹ́ ti ìpè pàjáwìrì, ẹ má sì pe "Mayday", igbe ẹni tó wà nínú ewu, nínú eré láé. Wíwọ inú ọkọ̀ ara yín wò, pípààrọ̀ atukọ̀ fún ọjọ́ kan, fífi kọ́ńpáàsì wá nǹkan tí ẹ fi pamọ́: gbogbo ìyẹn náà dára, kò nílò àlàyé mi.

Mi ò rí omi yín o, ohun tí aláṣẹ ibẹ̀ bá sọ ló borí tèmi. Ẹ ka ìwé adójútòfò yín kí ẹ tó so ọkọ̀ ẹlòmíràn mọ́ tiyín.

Ní oṣù àkọ́kọ́, ẹ má tilẹ̀ kúrò ní èbúté. Kí kálukú wọ́ ṣéènì rẹ̀ jáde gbalaja sórí ilẹ̀, kó wọ̀n ọ́n, kó fi ọ̀dà sàmì sí i ní mítà márùn-ún márùn-ún. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé ẹnì kan á rí i pé ohun tó ti ń pè ní mítà 40 láti ọjọ́ yìí kò pé 25.