Wíìgì Tó Gbé Ọkọ̀ Ojú Omi
Ìbéèrè: Ẹ̀dá inú ìtàn la máa ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ kíkọ la fi ń ṣe é. Ìdíje wíìgì aláràbarà ti dé. Ìyáàfin ààfin Faransé àtijọ́ ni tèmi. Kí ni kí n gbé lé e lórí?

Ìdáhùn: Ọkọ̀ ojú omi ni! Lọ́dún 1778, lẹ́yìn tí ọkọ̀ ogun Faransé, Belle Poule, kojú ti Gẹ̀ẹ́sì, àwọn obìnrin Faransé gbé ọkọ̀ kékeré lé irun, tòun ti ìgbòkun. Ṣùgbọ́n ẹ má kàn kọ ọ́ pé ó ga o. Ẹ jẹ́ ká rí wáyà tó gbé irun ró, àti ìyẹ̀fun sítáàṣì tó ń dà sí i léjìká bó bá yíjú. Kó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tó lè gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Ẹ kọ ọrùn tó ń ro ó pẹ̀lú. Ibẹ̀ ni èmi á ti fún yín ní máàkì.