Ẹ Béèrè, Ẹ Gbọ́: Mo Ra Géèmù Tán, Wọ́n Ní Kí N Ṣì Máa Tọrọ Ààyè

Ìbéèrè: Àǹtí, okun o. Olùkọ́ ni mí ní Ìsánlú. Nígbà tí a ta kajú tán, mo ra géèmù méjì sórí láptọ́ọ̀pù mi, ọ̀kan fún bọ́ọ̀lù, èkejì fún kíkọ́ ìlú. Ojúlówó ni méjèèjì, káàdì báǹkì mi ni mo fi sanwó. Hard disk mi wá kú, wọ́n bá mi pààrọ̀ rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ti bọ́ọ̀lù ti ń sọ pé mo ti lo gbogbo ààyè mi tán. Ti ìlú kíkọ́ kì í ṣí rárá bí kò bá sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ sì mọ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ̀dọ̀ wa ṣe rí. Ọmọkùnrin kan ní káfé ní òun á bá mi já gbogbo ìdè tí wọ́n fi de àwọn géèmù yẹn lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣé kí n gbà fún un?
Olùkọ́ kan, Ìsánlú

Ìdáhùn: Olùkọ́, okun o, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Inú bí mi bí mo ṣe ń ka lẹ́tà yín. Ẹni tó sanwó ni wọ́n tì mọ́ta, ẹni tí kò san kọ́bọ̀ sì ń gbá bọ́ọ̀lù tirẹ̀ lọ láìsí ìdíwọ́. Ẹni tó ra ọkọ́ lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ kì í padà lọ tọrọ ààyè kó tó roko.

Ẹ jẹ́ ká mú ti bọ́ọ̀lù ná. Lọ́jọ́ tí ẹ kọ́kọ́ ṣí i, ó yẹ ara láptọ́ọ̀pù yín wò: hard disk wo ló wà níbẹ̀, motherboard wo, káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì wo. Ó fi wọ́n ṣe àmì kan, ó fi àmì náà ránṣẹ́ pẹ̀lú nọ́ńbà tí wọ́n fún yín nígbà tí ẹ ra géèmù, sí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá ilé iṣẹ́ tó ni géèmù, sáfà sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kọ̀ǹpútà kan ti gba ààyè kan. Nígbà tí hard disk yí padà, àmì náà yí padà. Lójú sáfà, kọ̀ǹpútà mìíràn ló dé yẹn. Bí ẹni tó tún un ṣe bá tún Windows gbé sí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ó ṣeé ṣe kí ó ka ìyẹn náà mọ́ ọn. Bí ààyè ṣe ń tán lọ́wọ́ ẹni tí kò ní ju láptọ́ọ̀pù kan ṣoṣo lọ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Ní 2008, EA, ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe géèmù, gbé géèmù Spore jáde pẹ̀lú ìdè kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ SecuROM, ẹni tó rà á kò sì gbọdọ̀ gbà á láàyè lórí ju kọ̀ǹpútà mẹ́ta lọ. Ariwo sọ, wọ́n sọ mẹ́ta di márùn-ún. Àwọn kan pè wọ́n lẹ́jọ́ ní California, wọ́n ní SecuROM wọ inú kọ̀ǹpútà àwọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún àwọn. Olè tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe gbogbo èyí ńkọ́? Spore wà lára géèmù tí wọ́n jí jù lọ lọ́dún náà. Kí ọdún tó parí, wọ́n ti ń tà á lórí Steam, ọjà géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì, láìsí SecuROM nínú rẹ̀.

Ohun tí ẹ máa ṣe nìyí. Ẹ wá rìsíìtì yín nínú ímeèlì, ẹ kọ̀wé sí àwọn tó ń ran oníbàárà lọ́wọ́ ní ilé iṣẹ́ náà, ẹ sọ pé hard disk kú, ẹ ní kí wọ́n pa àwọn ààyè àtijọ́ rẹ́. Ẹ kọ nọ́ńbà géèmù náà sínú lẹ́tà àkọ́kọ́, kí wọ́n má baà máa dá yín padà láti béèrè rẹ̀. Lọ́jọ́ iwájú, bí láptọ́ọ̀pù bá ṣì ń tan kí ẹ tó gbé e lọ fún àtúnṣe, ẹ kọ́kọ́ yọ géèmù kúrò lórí rẹ̀ bó ṣe yẹ. Àwọn géèmù kan máa ń dá ààyè padà báyẹn.

Ó wá ku ti ìlú kíkọ́. Èyí ló dùn mí jù, nítorí mo ń rí i ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Kàbà níbí. Ọmọ kan gbé tirẹ̀ wá. Ó ti fi okùn so fóònù mọ́ irin fèrèsé, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wọlé díẹ̀, ó ń fún láptọ́ọ̀pù ní dátà láti ibẹ̀. Òbìrìkìtì kékeré àárín ojú kọ̀ǹpútà ń yí, ó ń yí, títí ó fi kọ ọ́ jáde pé òun kò rí sáfà. Ọmọ náà sọ fóònù kalẹ̀, ó tún un so sókè díẹ̀ sí i. Òun nìkan ló fẹ́ ṣeré o, kò ní bá ẹnikẹ́ni figa gbága. Géèmù tí èèyàn fi ń bá ẹni tó wà lókèèrè ta kàn án, mo gbà pé dandan ni kó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Èyí tí èèyàn ń dá ṣe nínú yàrá rẹ̀, kí ló ń wá lọ́dọ̀ sáfà?

EA ṣe irú rẹ̀ náà ní 2013 pẹ̀lú SimCity, géèmù ìlú kíkọ́ bíi tiyín. Wọ́n ní àfi kí èèyàn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó jáde, sáfà kò gba èrò, àwọn tó ti sanwó kò ráyè wọlé. Ní 2014, wọ́n ṣí i sílẹ̀ pé èèyàn lè dá ṣe é láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ubisoft, ilé iṣẹ́ géèmù mìíràn, náà dán an wò ní 2010, débi pé bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já láàárín eré, eré dúró nìyẹn. Nígbà tó di 2012, àwọn fúnra wọn sọ pé àwọn ti fi í sílẹ̀. Àwọn tí iná wọn kì í lọ ni ọ̀rọ̀ yìí sú bẹ́ẹ̀ o, mélòó mélòó àwa ará Yàgbà.

Bó bá jẹ́ orí Steam ni ẹ ti rà á, ẹ gbé láptọ́ọ̀pù lọ síbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dára. Ẹ jẹ́ kí géèmù gba gbogbo àtúnṣe rẹ̀ tán, ẹ ṣí i títí ẹ ó fi wọ inú eré gan-an, kí ẹ tó tẹ Steam lókè, kí ẹ yan Go Offline. Géèmù púpọ̀ ló máa ń ṣí nílé lẹ́yìn ìyẹn láìsí dátà. Bí tiyín bá ṣì kọ̀, ó jẹ́ pé àwọn tó ṣe é ló fẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀bi yín kọ́.

Ẹ má gbà fún ọmọ káfé. Irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń já ìdè yìí sábà máa ń ní kí ẹ kọ́kọ́ pa antivirus, bẹ́ẹ̀ láptọ́ọ̀pù tí ẹ fi ń wọ báǹkì ni, bóyá èsì ìdánwò àwọn ọmọ pàápàá wà nínú rẹ̀. Òfin Copyright ti Nàìjíríà, ti 2022, náà kò fàyè gba jíjá irú ìdè bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ń dunni, ẹ ti sanwó. Síbẹ̀, ẹ má ṣe é.

Ìbéèrè: Ẹ̀yin tèmi, àwọn ọmọ mi fi CD géèmù àtijọ́ sílẹ̀ nílé kí wọ́n tó lọ sí Àbújá. Àwọn ọmọ-ọmọ dé, a fi sínú kọ̀ǹpútà tuntun tó ní Windows 10, kò ṣí. Mo ti nu CD náà títí.
Ìyá kan, Ìyàrà, Ìjùmú

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ẹ má nu ún mọ́, ó ṣeé ṣe kí nǹkan kan má ṣe CD náà. Púpọ̀ nínú CD ìgbà yẹn ní ìdè tí wọ́n ń pè ní SafeDisc tàbí SecuROM, tó ń yẹ CD wò bóyá ojúlówó ni. Irú ìdè bẹ́ẹ̀ ń wọ inú ikùn Windows lọ, olè sì lè gba ibẹ̀ wọlé. Nígbà tí Windows 10 jáde ní 2015, Microsoft kò gba SafeDisc àti àwọn irú SecuROM kan láàyè mọ́. CD ojúlówó wá di ohun tí kò wúlò lọ́wọ́ ẹni tó rà á. Bí kọ̀ǹpútà àtijọ́ bá ṣì wà ní yàrá, tó ní Windows XP, ẹ lò ó fún wọn, ẹ má kàn so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Bí kò bá sí, ẹ ní kí àwọn ọmọ wo GOG, ọjà géèmù mìíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bóyá wọ́n ń ta géèmù kan náà níbẹ̀.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ kí n tó sanwó?
Àgùnbánirọ̀ kan, Lọ́kọ́ja

Ìdáhùn: Àbúrò, bó bá jẹ́ Steam ni, wo apá ọ̀tún ojú ìwé géèmù náà. Bó bá ní ìdè ilé iṣẹ́ mìíràn nínú, bíi Denuvo, àpótí kékeré kan máa ń sọ ọ́ níbẹ̀. Bí o bá ti rà á tí kò ṣí, béèrè owó rẹ kí ọjọ́ 14 tó pé, kí o má sì tíì lo ju wákàtí méjì lọ nínú rẹ̀.

Èmi a máa kọ́kọ́ wo GOG. Ará Poland ló dá a sílẹ̀ ní 2008, wọn kì í fi ìdè sí géèmù tí wọ́n ń tà. Fáìlì tí o fi ń gbé e sórí kọ̀ǹpútà di tìrẹ, o lè kó o sórí flash. Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni géèmù The Crew, tí Ubisoft gbé jáde ní 2014. Wọ́n pa sáfà rẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta 2024, ẹni tó fi owó ara rẹ̀ rà á kò lè dá ṣe é mọ́ pàápàá. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2025, òfin California ti ní kí àwọn tó ń ta irú nǹkan báwọ̀nyí sọ fún oníbàárà kedere pé àṣẹ ìlò lásán ni ó ń rà. Bí o bá sì rí èyí tí kò ní ìdè, gbà á sílẹ̀ lálẹ́ nígbà tí dátà bá rọjú, kó o sórí flash méjì, kí o kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára.