Ọmọ ìyá kan, bàbá kan: kí ló dé tí ọ̀kan jẹ́ AA tí èkejì jẹ́ AS?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. AS ni mí, AA ni ọkọ mi. Ọmọ wa àkọ́kọ́ AA, èkejì AS, ojú wọn ò sì jọra rárá. Ìyá ọkọ mi ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ọmọ bàbá kan ò lè ní genotype méjì. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Rárá o, mà. Kì í ṣe òótọ́, ẹ fọkàn balẹ̀. Láàbù ni mo ti ń ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn níbí, ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí torí ilé tó ti dà rú.

Chromosome, ìyẹn àwọn fọ́nrán tíntìntín tó gbé àbùdá tá a jogún, 46 ló wà nínú sẹ́ẹ̀lì ara wa kọ̀ọ̀kan, 23 látọ̀dọ̀ bàbá ẹni, 23 látọ̀dọ̀ ìyá ẹni, méjì-méjì ni wọ́n. Tí ara yín bá fẹ́ ṣe ẹyin, ìdajì péré ló máa kó síbẹ̀, òun ni wọ́n ń pè ní meiosis. Kí wọ́n tó pín ara wọn, èyí tó wá látọ̀dọ̀ bàbá yín á sún mọ́ ìkejì ẹ̀ tó wá látọ̀dọ̀ ìyá yín, wọ́n á gé síra wọn lójú ibì kan náà, wọ́n á pààrọ̀ ègé. Ẹ rí òfì tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó gùn dọ́gba, irú èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà Ọjẹ́, ọ̀kan pupa, ọ̀kan dúdú, tí aránṣọ wá gé méjèèjì tó rán ìdajì pupa mọ́ ìdajì dúdú, bó ṣe máa ń rí gan-an nìyẹn. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó túká, èyíkéyìí nínú méjì ló lè bọ́ sínú ẹyin, kò sẹ́ni tó ń yàn án. Ká tiẹ̀ ní wọn ò pààrọ̀ ègé kankan, oríṣi ìpín tó lè jáde lára ẹnì kan ṣoṣo lé ní mílíọ̀nù 8, bẹ́ẹ̀ náà ló rí lára ọkọ yín, báwo lojú ọmọ méjì ṣe máa wá jọra dandan? Àwọn ìbejì Ìgbò-Ọrà ńkọ́, inú kan náà ni wọ́n jọ gbé, ọ̀pọ̀ wọn ò jọra, torí ẹyin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Ti genotype, orí chromosome kọkànlá ló wà. Ọ̀kan tiyín gbé A, èkejì gbé S, ẹyin kan ò sì lè mú méjèèjì. Ti ọmọ àkọ́kọ́ mú A, ti èkejì mú S, ó parí. A nìkan lọkọ yín ní tó lè fún wọn. Oyún míì tẹ́ ẹ bá tún ní, ìdajì-ìdajì náà ni, AA àbí AS, kò ní jẹ́ SS.

Ẹ sọ fún màmá pé S yẹn, ọ̀dọ̀ yín ló ti wá. Ìwé genotype ò kúkú lè sọ ẹni tó lọmọ, àyẹ̀wò DNA ló ń ṣe ìyẹn. Àmọ́ ẹ tọ́jú ìwé àyẹ̀wò ọmọ tó jẹ́ AS yẹn dáadáa o, ó máa wúlò fún un lọ́jọ́ tó bá fẹ́ ṣègbéyàwó.